Ẹní Ìbíyẹmí

Ní gbọ̀ngàn ìlú, l'Ọ́gọ̀tún, lọ́jọ́ Sátidé,
Tísà Dáramọ́lá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde,
ó ní, "Sẹ́nétọ̀, ìbéèrè kan péré:
àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi kó ènìyàn wa lẹ́rú,
ṣé kí wọ́n san gbèsè, àbí kí wọ́n má san?"

Fáànù òkè ń yí, kò fẹ́ atẹ́gùn kankan.
Sẹ́nétọ̀ Fátúrótì ká agbádá lé èjìká,
ó rẹ́rìn-ín, ó mu omi inú ike,
ó ní, "Ìbéèrè àgbà nìyẹn.
Ọ̀rọ̀ náà ní ojú, ó ní imú.
Ẹ sáà mọ̀ pé mi ò sùn lórí ẹ̀.
À ń wò ó."

Kí ló ń wò?
Lọ́dún tó kọjá mo gbọ́ ọ lórí rédíò l'Ádó,
ó ní kí wọ́n san án, kóbọ̀ kan kò gbọdọ̀ dín.
Nígbà tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó ní àforíjì nìkan ti tó,
pé owó kì í jí òkú.
Lónìí ó gbé ẹsẹ̀ kan sí iyàrá, ó fi ọ̀kan sí ọ̀ọ̀dẹ̀,
ó ní ilẹ̀kùn ni òun ń ṣọ́.

Ahunní ni mí. Mo mọ ohun tó ní ojú méjì.
Ẹní ní ojú, ó ní ẹ̀yìn,
ṣùgbọ́n ẹni tó hun ún mọ èyí tí àlejò yóò jókòó lé.

Ní àjà ulé wa, níbi tí èéfín ń gbà,
ẹní kan wà níbẹ̀ tí kò parí.
Ìbíyẹmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀,
àbúrò yèyé tó bí bàbá mi àgbà.
Eéran tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò láti já sí i.
A ò rí i mọ́.
Àwọn tó bá a níbẹ̀ kì í ṣe òyìnbó,
irun wọn kò jọ ti àgbàdo.
Wọ́n kọ́kọ́ kí i ni, ní èdè tó yé e:
"O kú iṣẹ́ o, ọmọ dáadáa."
Ó sì dá wọn lóhùn, nítorí yèyé rẹ̀ kọ́ ọ nílé.

Ọkọ̀ ojú omi jìnnà sí Ọ̀gọ̀tún, Tísà.
Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ìdí rẹ̀,
láti ilé sí ilé, láti ọwọ́ sí ọwọ́,
àwọn ọwọ́ kan sì ní orúkọ tí a ṣì ń kì níbi ìwúyè.
Mi ò sọ pé ti baba ńlá Sẹ́nétọ̀ wà níbẹ̀.
Mi ò sì sọ pé kò sí.
Wò ó, èmi náà ti ń sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀.

Ìpàdé tú. Wọ́n pín búrẹ́dì, kò kárí.
Ó yà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, òun àti ọlọ́pàá méjì,
ó nawọ́ sí ẹní pupa kan. "Èló?"
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."
"Mẹ́fà. Kóbọ̀ kan kò gbọdọ̀ lé e."
Háà! Ohùn rẹ̀ dún ketekete bí agogo ilé-ìwé.
Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí à ń wò ó.
A dúró lórí mẹ́fà ààbọ̀. Ó san mẹ́fà,
ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn ìbò.

Ó wá gbójú sókè, ó rí àjà.
"Ìyẹn ńkọ́, ààbọ̀ ẹní dúdú yẹn? Èló ni kí n san?"

Mo lanu. Mo wá iye kan.
Mo ka fọ́nrán eéran tó wà lára rẹ̀, mo ka ọdún,
mo ka àwọn ọmọ tí kò bí sí ulé yìí.
Ọlọ́pàá kan ti ń wo aago.
"À ń wò ó," ni mo wí,
mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó rò pé òun ni mò ń bú.